digiKam: ètò fún ẹni tí àwòrán ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀

Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún títo àwòrán àti àtúnṣe wọn ni digiKam, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé, bí ẹ bá yàn án bẹ́ẹ̀, àlàyé tí ẹ kọ sí àwòrán kan yóò wọ inú fáìlì àwòrán náà gan-an, tí yóò sì bá a lọ nígbà tí ẹ bá fi fáìlì náà fún ẹlòmíràn. Ó tún ń dá ojú ènìyàn mọ̀: ẹ kọ orúkọ ìyá yín sí àwòrán rẹ̀ mélòó kan, yóò sì máa bá yín wá àwọn yòókù jáde. Àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ti pọ̀ jù lójú rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ kọ́ ọ.