GTA San Andreas olójú tuntun: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Ẹ dé Computer Village ní Ìkẹjà, CJ, akọni géèmù GTA San Andreas, tó wà lára páálí ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ẹ má tíì yọ owó. Ọjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ yẹn: díìsìkì PS2 tí wọ́n ti pa ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ dà, ẹ̀yà PC àtijọ́ tí wọ́n kó móòdù (àfikún tí àwọn ènìyàn ṣe láti pa géèmù dà) sí, àti Definitive Edition, ẹ̀yà tí wọ́n tún ṣe, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021.

Díìsìkì PS2 kò gba ariwo. RAM ẹ̀rọ náà kò ju MB 32 lọ, ti àwòrán sì jẹ́ MB 4 péré, ojú HD (àwòrán tó mọ́ gaara) kò lè gba ibẹ̀. Aṣọ ni wọ́n sábà máa ń pa láró níbẹ̀, wọn kì í fọwọ́ kan ara. Tó bá jẹ́ jẹ́sì Super Eagles lọ́rùn CJ lẹ ń wá, ẹ rà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kọjá.

Àárín ẹ̀yà PC àtijọ́ àti Definitive ni ọjà gidi wà.

Nínú ti àtijọ́, fáìlì méjì ló para pọ̀ di ènìyàn kan: DFF ni ara àti egungun, TXD ni awọ àti aṣọ. Inú gta3.img ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ti CJ nìkan ló yàtọ̀. Inú player.img ni wọ́n gé e sí, orí lọ́tọ̀, àyà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, torí ó ń pààrọ̀ aṣọ, ó ń sanra, ó sì ń rù. Ẹni tó bá fi odindi ara kan rọ́pò rẹ̀ ti fi ṣọ́ọ̀bù aṣọ ṣòfò nìyẹn: ẹ lè ra gbogbo aṣọ ibẹ̀, kò ní hàn lára rẹ̀.

Awọ yìí gan-an ló ń da ilé rú. Àwòrán 2048 sí 2048 tí wọn kò fún pọ̀ ń jẹ MB 16. Tí wọ́n bá fi DXT1, ọ̀nà kan láti fún àwòrán pọ̀, fún un pọ̀, MB 2 ni. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí MB 50 ni géèmù yìí yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ohun tó ń kó wọlé bí ẹ ti ń rìn kiri, àtilé, àtọkọ̀, àtigi, àtènìyàn. Ènìyàn mẹ́ta tí wọn kò fún awọ wọn pọ̀, MB 48 ti lọ. Ìgbà yẹn ni títì á pòórá lábẹ́ ọkọ̀ yín, tí ilé á di funfun, tí géèmù á sì já sílẹ̀ lójijì. Òǹtajà á ní, “Ọ̀gá mi, láptọ́ọ̀pù yín ni ò lágbára.” Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ ìbáà ra RAM GB 16, MB 50 yẹn náà ni yóò máa lò títí wọ́n á fi fi limit adjuster (móòdù tó ń sún ààlà géèmù síwájú) gbé e sókè. MB 512 tó. Kí wọ́n má gbé e kọjá ààlà, géèmù 32-bit ni, ìwọ̀n RAM tó lè lò kò pọ̀.

Ẹ̀yà 1.0 ni ọ̀pọ̀ móòdù ń retí. Àtúnṣe ọdún 2014 ti yí ti Steam (ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì) padà, ó sì yọ àwọn orin kan, nítorí náà wọ́n ní láti kọ́kọ́ dá a padà sí 1.0. Lẹ́yìn èyí ni ASI Loader (tó ń kó àwọn móòdù kan wọlé), SilentPatch (tó ń tún àṣìṣe géèmù ṣe) àti Mod Loader (tó ń jẹ́ kí móòdù wà ní fódà tiwọn) á tẹ̀ lé ara wọn. Kí wọ́n má gbé géèmù sínú Program Files, Windows kì í jẹ́ kí wọ́n yí fáìlì padà níbẹ̀ fàlàlà. Móòdù kọ̀ọ̀kan, fódà tirẹ̀ lábẹ́ modloader: èyí tó bá ṣe wàhálà, ẹ yọ fódà rẹ̀. Oníṣẹ́ tó bá ń tú gta3.img láì kọ́kọ́ ṣe kọ́pì rẹ̀, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín kúrò lórí tábìlì rẹ̀.

Definitive kò gba DFF, kò gba TXD, torí Unreal Engine 4, ẹ̀rọ ìkọ́ géèmù mìíràn, ni wọ́n fi tún un kọ́. Fáìlì .pak ló mọ̀, nínú fódà ~mods lábẹ́ Paks. Ọ̀rọ̀ MB 50 kò sí níbẹ̀, àmọ́ ó ń béèrè RAM GB 8, káàdì àwòrán tó tó GTX 760, àti àyè GB 45 fún géèmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú àkójọ rẹ̀ (GTA III, Vice City àti San Andreas). Ẹ ṣírò dátà yẹn dáadáa. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí kò ní káàdì tirẹ̀ á kàn gbóná bí ààrò ni. Ti àtijọ́ ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ní káàdì, kó kọ́kọ́ gba àtúnṣe oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tó dá ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ padà, kó tó wá ojú kankan kún un.

Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ móòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ọwọ́ àti dátà lẹ ń sanwó fún, ẹ fi ìyẹn ná an. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gba ìṣẹ́jú 15 níwájú òǹtajà. Ẹ wa ọkọ̀ eré láti Grove Street, àdúgbò CJ, lọ sáàárín ìlú Los Santos, kí ẹ máa wo ilẹ̀ àti ilé. Ẹ sáré, ẹ fò, ẹ wo abẹ́ apá: tí awọ bá ń fà bíi rọ́bà níbẹ̀, wọn ò so ara mọ́ egungun dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí Big Smoke, ọ̀rẹ́ CJ, wà níbẹ̀. Mọ́dẹ́lì mìíràn ni géèmù ń lò nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn, nítorí náà bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ tuntun lójú títì tó sì padà di ti 2004 bó ṣe la ẹnu sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ò tíì parí, owó náà ò sì gbọ́dọ̀ pé.