Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nínú kọ́ọ̀sì tó ń kọ́ni láti bá ẹni tí ò gba tèèyàn sọ̀rọ̀: bó ṣe rí lójú tèmi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣèlérí fáwọn kan pé tí mo bá parí kọ́ọ̀sì yìí màá wá sọ bó ṣe rí, a sì ti parí ẹ̀ báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kan, orí Zoom ni gbogbo ẹ̀. Àwa méjìlá la wà ní kíláàsì tèmi, èèyàn méjì ló ń darí wa. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni bí àwọn tí èrò wọn ò pàdé rárá, ì báà jẹ́ lórí ẹ̀sìn, ì báà jẹ́ lórí òṣèlú, ṣe lè jókòó bára wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kí kálukú ti kó ọkàn ẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run kó tó la ẹnu. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣètò ẹ̀, torí mo ní ẹ̀sùn kan tó wúwo tí mo máa sọ tó bá yá, mi ò sì fẹ́ ba iṣẹ́ wọn jẹ́ torí iṣẹ́ náà dáa. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ níbòmíì, ẹ ó kàn mọ ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Kí n sọ ìdí tí mo fi lọ ná. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, a ò bára wa sọ̀rọ̀ gidi fún bí ọdún méjì. Wọ́n kúrò nínú ẹ̀sìn tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, èmi sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí wọn lọ́jọ́ yẹn tí mi ò lè kọ síbí, àwọn náà fún mi lésì, àtìgbà náà ló ti jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀ sà" àti "ẹ kú ọdún" nìkan ló kù láàárín wa. Ohun tí mo bá lọ sí kọ́ọ̀sì yìí ni pé wọ́n á kọ́ mi lọ́rọ̀ tí màá fi borí wọn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ pàá ni mo ti rí i pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tó gbóná. Wọ́n ní ara àwọn Quaker ni wọ́n ti kọ́ ọ, ìyẹn àwọn Kristẹni tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1650, tí wọ́n máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìsìn títí ọ̀rọ̀ á fi wá sọ́kàn ẹnì kan. Ó kọ́kọ́ nira fún mi gan-an. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn olùdarí wa ka ìwé Jóòbù orí kejì fún wa, níbi táwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta ti wá bá a jókòó sórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje tọ̀sán-tòru tẹ́nikẹ́ni ò sọ nǹkan kan torí wọ́n rí i pé ìrora ẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní nínú gbogbo ìwé yẹn, ohun tó dáa jù táwọn ọ̀rẹ́ yẹn ṣe fún Jóòbù nìyẹn, ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà dé. Láti kékeré ni mo ti ń ka Jóòbù, mi ò rí ibẹ̀ yẹn rí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú kọ́ọ̀sì yìí, tí mo lè sọ pé òun nìkan tó owó tí mo san, ni àdúrà tí wọ́n ní ká máa gbà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú mú ẹnì kan tí òun àtẹni náà ò gbọ́ra wọn yé, kó máa gbàdúrà lórí ẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bẹ Ọlọ́run pé kó yí ẹni náà lọ́kàn padà. Ó lè béèrè pé kí ni èmi ń bẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó lè béèrè pé kí ni ẹni yìí ń fẹ́ràn tó ń gbèjà, ó lè dúpẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo mú. Ẹ gbọ́, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo kúnlẹ̀, ẹnu mi wúwo. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé láti ọdún méjì yẹn tí mo láwọn wà nínú àdúrà mi, ṣe ni mo kàn ń lọ rojọ́ wọn lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọjọ́ kẹrin ló wá sí mi lọ́kàn pé ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé tí ẹni tó kọ́ mi ládùúrà bá lè fi í sílẹ̀, kí ló wá dá mi lójú nípa ara tèmi. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ìṣe kejì tó dáa ni títún ọ̀rọ̀ ẹnì kejì sọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fèsì títí tó fi máa sọ ohun tẹ́nì kejì sọ, tí onítọ̀hún á sì gbà pé "ẹ̀n-ẹ́n, ohun tí mo sọ nìyẹn". Wọ́n fi mí ti obìnrin kan tó gbà pé kò sí Ọlọ́run. Ó sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ní ó yé mi, mo ní "ẹ ní ẹ ò nílò Ọlọ́run." Obìnrin náà ní rárá. Mo tún sọ ọ́, wọ́n ní rárá. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ látìgbà yẹn, pé àwọn pe Ọlọ́run, àwọn pè é tọkàntọkàn nígbà tí ìyá àwọn wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ò gbọ́ ìdáhùn, àwọn ò sì fẹ́ parọ́ pé àwọn gbọ́. Kí n tó sọ gbólóhùn yẹn tán ni wọ́n ti gbórí wọlẹ̀. Mo ti ní èsì nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, mo ti kó ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta jọ, mi ò lo ọ̀kankan nínú ẹ̀, mo sì rò pé ohun tó tọ́ ni mo ṣe.

Wọ́n sọ fún wa pé àṣà yìí ti pẹ́ láyé. Ìwé Talmud àwọn Júù sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ Hillel àti ilé-ẹ̀kọ́ Shammai, àwọn olùkọ́ òfin Júù méjì láyé àtijọ́, jà sí ọ̀rọ̀ òfin fún ọdún mẹ́ta, kálukú ń sọ pé tòun lòótọ́, títí ohùn kan fi wá látọ̀run pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run alààyè ni tàwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti Hillel ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé. Ìdí tí wọ́n fún un ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́: wọ́n ní torí pé àwọn ará Hillel jẹ́ oníwà tútù, wọ́n máa ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ tiwọn àti ti Shammai, ti Shammai ni wọ́n sì máa ń sọ ṣáájú. Ọ̀gbẹ́ni Mùsùlùmí kan nínú wa náà fi kún un pé nínú Kùránì, súrà Tọ̀há ẹsẹ 44, ìgbà tí Ọlọ́run ń rán Ànábì Mùsá àti Hárúnà sí Fáráò, Fáráò tó ti kọjá ààlà yẹn náà, ó ní kí wọ́n bá a sọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Èmi náà sọ tiwa fún wọn pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó, inú gbogbo wọn dùn sí i.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ò ṣe mí ní nǹkan kan púpọ̀. Ìlànà onígbèésẹ̀ mẹ́rin ti Marshall Rosenberg ni, ará Amẹ́ríkà tó dá ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ láìsí ìwà ipá sílẹ̀: ohun tó o rí, bó ṣe rí lára ẹ, ohun tó o nílò, ohun tó o ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó wúlò, ṣùgbọ́n bá a ṣe ń ṣe é dà bí ìgbà táwọn ọmọdé ń ka àkọ́sórí.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n sọ ìtàn Boston fún wa, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń sọ pé sùúrù ò ṣe nǹkan kan gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1994, ọkùnrin kan yìnbọn ní kílíníìkì méjì tí wọ́n ti ń ṣẹ́yún ní Brookline lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boston, ó pa obìnrin méjì, ó sì ṣe àwọn míì léṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, obìnrin mẹ́fà, tí mẹ́ta jẹ́ aṣáájú àwọn tó ta ko oyún ṣíṣẹ́, tí mẹ́ta sì jẹ́ aṣáájú àwọn tó fara mọ́ ọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní kọ̀rọ̀. Ó lé lọ́dún márùn-ún tí wọ́n fi pàdé kí wọ́n tó jọ kọ ọ́ síta nínú ìwé ìròyìn Boston Globe ní oṣù Kìíní ọdún 2001. Orúkọ tí wọ́n máa pe ohun tó wà nínú aboyún gan-an, ìjà ni, torí orúkọ tí apá kan bá pè é, apá kejì ò lè gbà á sétí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ? Pé kò sẹ́ni tó yí èrò ẹ̀ padà nínú àwọn, kálukú tilẹ̀ tún dúró gbọn-in sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti di ẹni tó fẹ́ràn ara wọn, wọ́n ti jáwọ́ nínú bíbú ara wọn níta, àwọn tó ta ko oyún ṣíṣẹ́ sì kọ lẹ́tà sí ọkùnrin kan tó ń fọwọ́ sí ìwà ipá pé àwọn ò fẹ́ ẹ ní ìpínlẹ̀ àwọn. Lójú tèmi, ìyẹn ò kéré.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà náà dáa, apá kan á jókòó sáàárín, apá kejì á wà lẹ́yìn, wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn máa gbọ́ báwọn yẹn ṣe ń dáhùn pé kí ló kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ tiwọn fúnra wọn. Àwọn Braver Angels, ìyẹn ẹgbẹ́ kan tó ń mú àwọn tí òṣèlú wọn ò pàdé jókòó sọ̀rọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìbò ọdún 2016, máa ń ṣe é báyẹn.

Wàyí o, ẹ̀sùn mi. Lọ́sẹ̀ keje, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ báwọn ẹbí ẹ̀ ṣe lé e jáde nílé torí ó ní òun ò ṣe ẹ̀sìn wọn mọ́, ó sọ ibi tó sùn lóru ọjọ́ yẹn, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹnì kan nínú wa wá ní lójú tòun àwọn ẹbí yẹn ṣe ohun tó tọ́. Olùdarí wa ò sọ nǹkan kan fún ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn o, ọmọ yẹn ló yíjú sí, ó ní kó fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á, kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti fi hàn pé ó yé e. Ọmọ náà pa kámẹ́rà ẹ̀. Kò wá lọ́sẹ̀ kẹjọ, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ nígbà tá à ń kí ara wa pé ó dàbọ̀. Ó dùn mí títí di bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, ó sì dùn mí pé èmi náà dákẹ́.

Ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn àtẹni tó tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ìrẹ̀lẹ̀ tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ wọn ò lè dọ́gba. Jóòbù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún wa yẹn gan-an, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ jiyàn títí dópin, kò fi ìrẹ̀lẹ̀ gba ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, nígbà tí Ọlọ́run sì máa sọ̀rọ̀ ní orí 42, àwọn ọ̀rẹ́ ló bá wí, ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bíi ti Jóòbù ìránṣẹ́ òun. Àwọn obìnrin Boston yẹn náà, agbára wọn dọ́gba, mẹ́ta sí mẹ́ta, aṣáájú sí aṣáájú, ó sì lé lọ́dún márùn-ún. Ọmọ yìí dá wà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n sì fún un.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, mo ní mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ látẹnu yín. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti já. Wákàtí kan dín díẹ̀ la lò. Mo tún ọ̀rọ̀ wọn sọ, mo ṣì í sọ, wọ́n tún un ṣe, mo tún sọ ọ́, wọ́n ní "ìwọ gbọ́ mi lónìí." Wọn ò padà sínú ẹ̀sìn wa o, èmi náà ṣì gbà pé wọ́n ṣe àṣìṣe ńlá, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn mọ̀. A máa tún sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Nítorí náà tẹ́ni kan bá bi mí, màá ní kó lọ, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣe ara yín, bíi tèmi àtẹ̀gbọ́n mi. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n fìyà jẹ ẹ́, wá ẹni tó máa dúró tì ẹ́ ná. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ìpele kejì ránṣẹ́ sí mi lánàá. Mo kọ̀wé padà pé kí n tó sanwó, kí wọ́n sọ fún mi bóyá ẹnikẹ́ni ti pe ọmọ yẹn, mo sì ń retí èsì wọn.