3018, Sherline àbí Tormach: èwo ni kẹ́ ẹ rà sí ṣọ́ọ̀bù?

Bí wọ́n bá bi mí pé CNC, ìyẹn máṣíìnì tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gé nǹkan, èyí tó kéré tó ń jókòó lórí tábìlì, èwo ló dáa, èmi náà á bi wọ́n pé kí lẹ fẹ́ gé? Igi àti perspex yàtọ̀ sí alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù náà yàtọ̀ sí irin, máṣíìnì tó ń fi igi ṣeré lè máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú tó bá fojú kan irin.

3018 tó ń wá láti Ṣáínà lẹ máa kọ́kọ́ rí, torí òun ló wọ́pọ̀, òun náà ló pọ́ọ́kú. Orúkọ ẹ̀ ti sọ bí àyè tó lè gé ṣe tóbi tó, 300 mm sí 180 mm, àmọ́ sókè-sódò ò ju nǹkan bí 45 mm lọ. GRBL, ètò kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ló ń darí ẹ̀, motor 24V ẹ̀ sì ń sáré tó bíi 10,000 RPM (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Tó bá jẹ́ orúkọ lára igi tàbí bọ́ọ̀dù sákúítì lẹ fẹ́ ṣe, ẹ rà á, ẹ má ronú lọ títí. Alumíníọ̀mù ńkọ́? Á gé e, àmọ́ ṣe ló máa ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí eku tó ń jẹ ọṣẹ. Irin? Rárá o.

Ìdí ẹ̀ rèé. Bítì (ọ̀bẹ tó ń yí) 6 mm tí wọ́n fi HSS, irin líle, ṣe, tó bá ń gé irin, kí etí ẹ̀ máa sáré bíi mítà 25 ní ìṣẹ́jú kan ló dáa, ìyẹn ò ju bíi 1,300 RPM lọ, ẹ wá dín motor kékeré yẹn kù débẹ̀, agbára ẹ̀ á ti tán, kò ní lè yí mọ́. Alumíníọ̀mù lè gbà tó mítà 100, ìyẹn bíi 5,300 RPM fún bítì kan náà.

Ibí yìí ni Sherline 5400-CNC ti yàtọ̀, wọ́n ń ṣe é ní Vista, ní California. 70 sí 2,800 RPM ló ń yí, ó lè gé irin kéékèèké tẹ́ ẹ bá ní sùúrù, bẹ́ẹ̀ kò tó 20 kílò. Àyè ẹ̀ jẹ́ bíi 220 sí 127 mm, sókè-sódò bíi 159. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni pé motor tó ń yí bítì ń gba iná 100 títí dé 240V, ẹ kàn ki í bọ iná ilé wa ni.

Tormach PCNC 440 tó jáde ní 2015, ọ̀gá ni ìyẹn: ó ní ballscrew (sukúrúù oníbọ́ọ̀lù tó ń gbé tábìlì ẹ̀ láìmì), ẹnu R8 tó ń di bítì mú, 10,000 RPM, ó ju 200 kílò lọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sórí tábìlì kafíńtà o. Àmọ́ iná 115V ló ń lò, ẹ máa ra tiransifọ́mà mọ́ ọn, owó ẹ̀ fúnra ẹ̀ sì ti jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Ọ̀rọ̀ iná yìí ṣe mí rí. Mò ń gé pátákó orúkọ kan lórí 3018, ó ku lẹ́tà méjì péré, iná lọ. Nígbà tó dé, máṣíìnì ò mọ ibi tó wà mọ́, mo ní kó tẹ̀ síwájú, ló bá gba àárín orúkọ oníbàárà kọjá. Láti ọjọ́ yẹn, inverter ni mo fi ń gbé e, kọ̀ǹpútà náà sì wà lórí ẹ̀.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ mú dial gauge (ìwọ̀n alábẹ́rẹ́ tó ń fi ìyàtọ̀ kékeré hàn) dání, ẹ ní kí tábìlì ẹ̀ lọ 10 mm, kó sì padà 10 mm, tí abẹ́rẹ́ ò bá padà síbi tó wà, sukúrúù ẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ ti orí ẹ̀ náà, bóyá á mì. Owó fáìsì tó ń di ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gé mú, owó bítì àti ti kólẹ́ẹ̀tì tó ń di bítì mú, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà, torí ẹni tó ń tà ò ní sọ fún yín. Kó gé alumíníọ̀mù lójú yín, tó bá ní iná ò sí, ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀ lọ́la.