Ṣọ́ọ̀bù tó ń síkáànì lẹ́tà àtijọ́ ní Kabba: ẹ má fi ẹ́nfílọ́ọ̀pù yín sílẹ̀ o

Ẹ̀yin ará Okun tẹ́ ẹ ti ń bi mí nípa ṣọ́ọ̀bù tí mo kó lẹ́tà bàbá wa àgbà lọ ní Kabba, mo ti gbà á padà, ẹ wá gbọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, ọ̀rọ̀ owó kan ṣì wà láàárín wa.

Àgbẹ̀ kọfí ni Bàbá, lọ́nà Iyara, wọn ò kàwé rárá, ọmọ iléèwé ló máa ń bá wọn ka lẹ́tà tí àbúrò wọn bá kọ wá láti Èkó. Mọ́kànlélógójì la bá nínú àpótí wọn, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni kò ní déètì.

Ká sòótọ́, síkáànì wọn dáa. Igba náírà lójú ewé kan, wọ́n kó o sínú fláàṣì fún mi, kódà èyí tí ikán ti jẹ létí hàn kedere. Àmọ́ ọmọkùnrin tó ń ṣe é rò pé ìwé inú ẹ̀ nìkan ni mo wá ṣe, ló bá kó gbogbo ẹ́nfílọ́ọ̀pù sínú ọ̀rá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, díẹ̀ ló kù kó dé ààtàn. Mo pariwo débi pé ìyá tó ń ta ẹ̀wà níta sáré wọlé. Ẹ́nfílọ́ọ̀pù yẹn ni déètì o jàre! Èyí tí wọ́n kọ "Kabba Province" sí ló pẹ́ jù, orúkọ àgbègbè wa nìyẹn kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Ìkan wà tó jẹ́ "West Central State", ìyẹn ò lè jù 1967 sí 1968 lọ, torí May 1967 ni Gowon dá a sílẹ̀, nígbà tó sì di 1968 wọ́n ti ń pè é ní Kwara (àfi tí ẹni tó kọ ọ́ ò bá gbọ́ ìròyìn sha). Sítáǹbù oníkọ́bọ̀, 1973 síwájú nìyẹn. Kogi ò sí lára ìkankan, 1991 la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, Bàbá ti lọ nígbà yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé mi ò lọ lásán ni bàbá tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn. "Òkun o, ọmọ mi," wọ́n fà mí ní àga. Ohun tí mo ti ń tẹjú mọ́ láti oṣù mẹ́ta, wọ́n kà á geerege bí ẹni ń ka Bíbélì, gbogbo "nwọn" àti "enia" àti "aiya" ti àkọtọ́ àtijọ́ tí mo ti ń pè ní àṣìṣe. Wọ́n wá dé ibi tí àbúrò Bàbá ti ní kí dírẹ́bà lọ́rì Bàbá rántí o, apá ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà báyìí, kó má lọ kó sẹ́nu ẹlòmíì. Bàbá tísà bọ́ jígí ojú wọn, ẹ̀rín ń pa wọ́n. "April 1972 nìyẹn!" Lóòótọ́, ọjọ́ kejì oṣù yẹn ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì. Lọ́rì ti wà nílé wa ní 1972 nìyẹn o! Ẹ̀gbọ́n wa kan sì wà tó ń pariwo ní gbogbo ìpàdé ẹbí pé owó òun la fi ra lọ́rì yẹn. Ní 1972, pírámárì ló wà.

Ibi tí mo ti bínú ni iṣẹ́ kejì tí ṣọ́ọ̀bù náà ń gbà, "a ó bá yín wá èèyàn yín nínú ìwé ìròyìn". Ẹgbàá méje ààbọ̀ náírà! Wọ́n kàn tẹ orúkọ Bàbá sórí fóònù, wọ́n wá tẹ ewé mẹ́ta jáde fún mi, ti ẹnì kan tó ń jẹ́ irú orúkọ yẹn ní Abẹ́òkúta. Kí ni Daily Times fẹ́ fi àgbẹ̀ kọfí ṣe, ṣé ó pa èèyàn ni? Inú lẹ́tà lẹ ti máa mú oṣù, kẹ́ ẹ wá lọ ka ìwé ìròyìn oṣù náà kẹ́ ẹ fi mọ ohun tí lẹ́tà ń sọ. Ìkànnì kan tó ń jẹ́ Archivi.ng ń kó ìwé ìròyìn tó wà láti 1960 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè wò ó fúnra yín. Tó bá sì jẹ́ fáìlì ìjọba òyìnbó lẹ̀ ń wá, Àríwá ni wọ́n ka Kabba Province mọ́, ẹ má wọkọ̀ Ìbàdàn, National Archives Kàdúná ni kẹ́ ẹ lọ.

Ẹ gbé lẹ́tà yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kabba yẹn, ẹ jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ sì bèèrè bàbá tísà, wọn kì í gbowó, iṣu ni mo mú lọ. Ti ìwé ìròyìn ọ̀hún, wọ́n ti dá ìdajì owó padà. Ìdajì tó kù, mò ń pè wọ́n lójoojúmọ́.