Tọ́ọ̀ṣì Ihò Abẹ́ Omi fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀: Ìfiwéra fún Olùrajà Àbújá

Ọmọ Yorùbá tó bá ń múra láti Àbújá láti lọ kọ́ ìwẹ̀ inú ihò abẹ́ omi, yálà ní Florida tàbí ní Tulum ní Mẹ́síkò, yóò ra nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ kí ó fara balẹ̀ rà jù. Bí iná bá kú mọ́ òmùwẹ̀ lọ́wọ́ nínú òkun, ó lè yọrí síta; ẹni tó wà nínú ihò ní àpáta lórí, kò sì ní ọ̀nà tààrà sókè. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ fi fi lélẹ̀ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta dání, àgbà kan (èyí tí a ń tàn gan-an) àti ìpamọ́ méjì (tí a ń tàn bí àgbà bá kú), àti pé bí ọ̀kan bá kú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí gbogbo ẹgbẹ́ yí padà síta. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó gbogbo owó yín lé tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo.

Oríṣi méjì ni àgbà tí ẹ óò bá lọ́jà. Ti àkọ́kọ́ ni alágolo: bátìrì rẹ̀ wà nínú agolo lórí bẹ́líìtì ìbàdí, wáyà sì gbé iná dé orí tọ́ọ̀ṣì tó dúró lẹ́yìn ọwọ́, kí ìka lè ráyè di okùn atọ́nà mú, ìyẹn okùn tí òmùwẹ̀ ń tẹ̀ lé jáde nínú ihò. Dive Rite àti Halcyon, tí àwọn méjèèjì wà ní Florida, jẹ́ orúkọ tí wọ́n mọ̀ dáadáa nídìí èyí. Ó lágbára, ó sì ń pẹ́ kí ó tó kú. Ohun tí ó ń ni ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lára ni bátìrì rẹ̀. Ẹ fi fólítì ṣe ìlọ́po Ah (ampere-wákàtí tí wọ́n kọ sára bátìrì), ẹ óò rí Wh (watt-wákàtí, ìwọ̀n agbára tó wà nínú rẹ̀): bátìrì 11.1 fólítì tó ní 6.8 Ah jẹ́ nǹkan bí 75 Wh, èyí tó ní 13.6 Ah sì jẹ́ 151. Èyí tí kò ju 100 Wh lọ kò nílò àṣẹ. Láti 100 dé 160, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà ṣáájú. Èyí tó ju 160 lọ kò bá èrò rìn rárá. Inú àpò ọwọ́ ni bátìrì tí kò sí nínú tọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe nínú ẹrù tí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Oríṣi kejì kò ní wáyà. Bátìrì líthíọ̀mù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú èyí tí wọ́n ń fi ìwọ̀n rẹ̀ pè ní 21700, wà nínú ara rẹ̀. Ọ̀kan tó jẹ́ 5 Ah kò ju 18.5 Wh lọ, kò sì sí ẹni tí yóò dá yín dúró ní pápákọ̀ nítorí rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré sí ti alágolo, ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀, a sì lè fi ìdìmú gbé e sẹ́yìn ọwọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òun ni mo fara mọ́. Ẹ ṣáà rí i pé ó lè tàn ju gbogbo àkókò tí ẹ óò lò lábẹ́ omi lọ dáadáa.

Ẹ má jẹ́ kí iye lumen, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n kọ sára páálí, tan yín. Bí ìtànṣán ṣe fẹ̀ tó ló ṣe pàtàkì jù, nítorí iná ni òmùwẹ̀ fi ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀: ìtànṣán tí a fi ṣe òbírí lára ògiri túmọ̀ sí pé àlàáfíà wà, èyí tí a ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún kíákíá túmọ̀ sí pé ewu dé. Ìtànṣán tóóró, bíi digírì mẹ́fà sí mẹ́wàá, ni ẹni tó wà níwájú lè rí láìbojú wẹ̀yìn. Tọ́ọ̀ṣì fídíò tó ń tàn káàkiri kò lè ṣe èyí, bí ẹrẹ̀ bá sì rú, iná rẹ̀ yóò padà sójú yín bí iná gíga ọkọ̀ nínú kùrukùru ọyẹ́ lójú ọ̀nà Kàdúná. Òkúta Mẹ́síkò funfun, kò béèrè iná púpọ̀. Ti Florida sábà máa ń dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ìpamọ́, ẹ wá èyí tí a ń yí orí rẹ̀ kó tó tàn, tí kò ní bọ́tìnnì, tí kò sì ní oríṣi ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin. Èyí tó ń lo bátìrì alkaline (ti ojoojúmọ́ tí a kì í gba iná sí) kì í mọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣá, ó sì ń kìlọ̀ fún ènìyàn. Ti líthíọ̀mù mọ́lẹ̀ jù ú, àmọ́ ó lè kú lójijì. Alkaline ni mo fọwọ́ sí níhìn-ín, bí ẹ bá lè máa yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ìlò kó má baà yọ omi.

Bí ẹ bá fẹ́ ra bátìrì ní Banex tàbí ní ọjà Wuse, ẹ ṣọ́ra gidigidi. 18650 (bátìrì líthíọ̀mù tó kéré díẹ̀ sí 21700) tí wọ́n kọ 9,900 mAh, ìyẹn 9.9 Ah, sí lára, irọ́ ni. Ojúlówó tó wọ́pọ̀ kì í kọjá nǹkan bí 3,500, ó sì máa ń wọ̀n tó gíráàmù 45 sí 50. Èyí tó bá fúyẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bákan náà, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá òrùka rọ́bà tó ń dí omi: ẹyọ iyanrìn kan lórí rẹ̀ tó láti jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ nù ún, kí ẹ sì fi gírísì sílíkónì díẹ̀ pa á lára kí ẹ tó dé e.

Kí ẹ tó rìnrìn-àjò, ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi nínú ilé, nítorí omi ni ó ń mú kí àwọn tó lágbára má gbóná jù, ẹ tàn wọ́n títí iná wọn yóò fi rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lò sára rẹ̀.