Ìwé Eré Women of Owu: Àyẹ̀wò fún Ẹni Tí Yóò Fi Ṣeré

Bí olùkọ́ tàbí olórí ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà tàbí níbí ní Òmù-Àrán bá ń wá ìwé eré tí ó gbé agbádá Yorùbá wọ ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ òkèèrè, tí agbádá náà sì bá a mu rẹ́gí, Women of Owu tí Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kọ ni n ó ní kí ó kọ́kọ́ rà. Mo ti bá àwọn ọmọ girama ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì ti fi ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ níṣojú àwọn òbí wọn, nítorí náà mo mọ ibi tí ó ti dùn àti ibi tí ó ti ń fún ènìyàn níṣẹ́ ṣe.

Ọ̀ṣọ́fisan, ọmọ Ẹ̀rúnwọ̀n nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní ọdún 1946, kì í ṣe àlejò ní Kwara, nítorí pé lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìntì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kwara State University ní Málétè. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń gba ìtàn lọ́wọ́ àwọn àgbà òǹkọ̀wé, tí ó sì ń bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ó mú eré tí Gogol kọ nílẹ̀ Rọ́ṣíà nípa àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ̀rù alábẹ̀wò ń bà, ó sì fi orúkọ Tai Solarin dẹ́rù ba àwọn ìjòyè tiwa nínú Who's Afraid of Solarin?. Ó mú ìtàn Antigone, ọmọ ọba inú eré ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ó sọ ọ́ di Tẹ̀gọ́nni, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Mọremí pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: nínú Morountodun, Títúbí tí ó fẹ́ di Mọremí tuntun láti ran ìjọba lọ́wọ́ lórí àwọn àgbẹ̀ tí ń ṣọ̀tẹ̀ ni ó padà di ti àwọn àgbẹ̀ náà. Ọlá Rótìmí ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968, nígbà tí ó gbé ìtàn Ọba Oedipus wọ ilẹ̀ Yorùbá, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà gidigidi, ṣùgbọ́n Rótìmí tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ Sophocles, ará Gíríìsì tí ó kọ eré Oedipus, ju bí Ọ̀ṣọ́fisan ti ń tẹ̀ lé ti ẹnikẹ́ni lọ.

Nínú Women of Owu ni àríyànjiyàn yìí ti gbó jù lọ. Euripides, òǹkọ̀wé eré ará Gíríìsì, kọ eré tirẹ̀ nípa àwọn obìnrin Troy, ìlú tí àwọn ọmọ-ogun Gíríìsì pa run, ní ọdún 415 ṣáájú ìbí Kristi. Ọ̀ṣọ́fisan wò ó pé ìlú tí a dó tì fún ọdún gbọọrọ, tí a sun níná, tí a pa àwọn ọkùnrin rẹ̀, tí a sì ń pín àwọn obìnrin rẹ̀ bí ìkógun, kò jìnnà sí wa rárá: Òwu ni, tí ọmọ-ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé para pọ̀ pa run láàárín ọdún 1820 sí 1830. Hecuba, ayaba Troy, di Ẹrẹlú Àfin; Cassandra ọmọ rẹ̀ di Òrìṣàyé; Andromache, ìyàwó ọmọ rẹ̀, di Adúmàádán; Helen tí wọ́n torí rẹ̀ jagun sì di Ìyùnlóyè. Ogun Ìráàkì, tí Amẹ́ríkà ní òun fi ń tú àwọn ará ibẹ̀ sílẹ̀, ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀ṣọ́fisan ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn aṣẹ́gun inú eré yìí fi ń sọ pé àwọn wá tú ọjà Àpòmù sílẹ̀ kí ara lè rọ gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn ìwé yìí jù ni pé kò sọ Òwu di aláìlẹ́ṣẹ̀. A gbọ́ pé àwọn ará Òwu náà ti ta ọmọ Yorùbá bíi tiwọn lẹ́rú, àánú wọn sì ń ṣe wá síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí oríkì ọ̀pọ̀ agboolé ṣì ti ń dárúkọ ogun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tí a ṣe é, ọmọbìnrin tí ó ṣe Adúmàádán fi ìró ìyá rẹ̀ wé ìrọ̀rí kékeré kan bí ọmọ. Gẹ̀sindé, ìránṣẹ́ àwọn ológun, wá gba ọmọ náà láti lọ pa á, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀. Bí ó ti na ọwọ́, ọmọbìnrin náà fà sẹ́yìn, ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó níwájú sì kígbe pé, “Má gbé e fún un o, ọmọ mi!” Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ ń sọ lórí ìtàgé, màmá yìí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ìwé náà kan. Àwọn orin ni a kọ ní Yorùbá. Bí àwọn ọmọ bá ti dé ibi orin arò, ohùn wọn a yí padà, ara wọn a balẹ̀, ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní wá a mọ́. Ó wù mí gidigidi kí a rí ẹ̀dà tí ó jẹ́ Yorùbá látòkèdélẹ̀, tí a ṣe pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òǹkọ̀wé, nítorí pé irú ìyá yẹn ni ó yẹ kí ó gbọ́ gbogbo ohun tí Ẹrẹlú ń sọ.

Ẹni tí yóò darí rẹ̀ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ogun ti parí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ìrìn lọ. Bí àwọn obìnrin náà bá kàn jókòó sójú kan, àwọn tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yóò máa tòògbé. A jẹ́ kí wọ́n máa di ẹrù, kí wọ́n máa tú u, ó sì ràn wá lọ́wọ́. Ipa obìnrin pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì dára fún ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin. Anlugbùá àti Láwùmí jẹ́ ẹni òrìṣà, nítorí náà ní ìlú tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ pọ̀ bíi tiwa, ó yẹ kí olùkọ́ ṣàlàyé fún àwọn òbí ṣáájú pé àwọn obìnrin Òwu ń bi òrìṣà wọ̀nyẹn léèrè ìdí tí wọn kò fi tètè dé ni, a kò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní ìbọ. Bí a ti ṣàlàyé báyìí, kò sí òbí kan tí ó yọ ọmọ rẹ̀ kúrò.

Ọdún 2006 ni ìwé náà jáde, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ. Ọ̀kan tí mo rà lọ́wọ́ òǹtàwé kan ní Ìlọrin kò ní ojú ewé kan láàárín, apá kan ọ̀rọ̀ Ìyùnlóyè ni ó sì bá a lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí i wò ní ojú ewé sí ojú ewé. Bí owó bá tó ìwé méjì, Tẹ̀gọ́nni ni kí ẹ fi ṣe èkejì, ṣùgbọ́n ó gùn, ó sì ń fẹ́ òṣèré púpọ̀, kò sì yẹ kí ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi ṣe eré àkọ́kọ́.