OptiPlex 9020 tòkunbọ̀ àti Ryzen lórí B450: èwo ló yẹ kí ẹ ra káàdì géèmù tuntun fún?

Ẹni tó bá fẹ́ kí géèmù yá lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, káàdì gráfíìkì ló sábà máa ń sáré lọ rà. Káàdì náà lè dára títí, kí géèmù ṣì máa há, torí pé CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ò tètè gbé iṣẹ́ fún un. Ká ní 60 fps (àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lẹ ń wá, 16.7 millisecond péré ni CPU ní láti to iṣẹ́ àwòrán kan sílẹ̀, iye kan náà sì ni káàdì ní láti yà á. Èyí tó bá pẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì ló ń pinnu iye fps tí ẹ máa rí.

Ẹ̀rọ méjì tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra àlòkù la gbé síra wọn níbí: OptiPlex 9020, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì Dell, àti ẹ̀rọ tó ní bọ́ọ̀dù B450 àti CPU Ryzen ti AMD. Core ni òṣìṣẹ́ inú CPU, thread sì ni iye iṣẹ́ tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà.

| | OptiPlex 9020 tower | Bọ́ọ̀dù B450 |
|---|---|---|
| CPU tó wà nínú rẹ̀ | i5-4590: core 4, thread 4 | Ryzen 5 3600: core 6, thread 12 |
| CPU tí ẹ lè pààrọ̀ sí | i7-4790: core 4, thread 8 | Ryzen 5 5600 tàbí Ryzen 7 5700X3D |
| RAM | DDR3-1600 | DDR4-3200 |
| Pawa sọ́pláì | 290W, ti Dell nìkan | ATX èyíkéyìí |
| Ihò káàdì | PCIe 3.0 x16 | PCIe 3.0 x16 |

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ yẹ ohun tó wà nílẹ̀ wò. Ẹ fi ètò MSI Afterburner sórí ẹ̀rọ, kó máa fi fps, iṣẹ́ GPU (ọpọlọ káàdì) àti iṣẹ́ core CPU kọ̀ọ̀kan hàn bí ẹ ṣe ń gbá géèmù. Ẹ pa V-Sync, ohun tó ń so fps mọ́ mọ́nítọ̀, kí ẹ sì yọ òdiwọ̀n fps èyíkéyìí kúrò. Láìṣe bẹ́ẹ̀, géèmù á dúró sórí 60, GPU á wà ní 50%, ẹ ó sì máa di ẹ̀bi ru CPU tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bí GPU bá wà láàárín 95 sí 99%, káàdì ti lo gbogbo agbára rẹ̀ nìyẹn. Bó bá wà ní 60% tí fps ò sì tó nǹkan, CPU tàbí RAM ni kí ẹ bi. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àpapọ̀ CPU tí Task Manager ń kà: géèmù lè di iṣẹ́ tó pọ̀ jù lé core kan lórí, kí àpapọ̀ ṣì máa sọ 55%. Ẹ wá sọ géèmù di 1280×720 láti 1920×1080. Bí fps bá fò sókè, káàdì ló ń fà sẹ́yìn. Bí kò bá kúrò lójú kan, ẹ fi owó káàdì sápò.

RAM ló rọrùn jù láti tún ṣe. Igi RAM 8GB kan ṣoṣo máa ń gé ọ̀nà tí dátà ń gbà sí ìdajì. Igi méjì 8GB ni kí ẹ lò. Lórí B450 oníhò mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ CPU ni kí ẹ fi wọ́n sí. Kí ẹ sì wọ BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń tan ẹ̀rọ) lọ tan XMP, tó ń jẹ́ kí RAM sáré tó bí páálí rẹ̀ ṣe sọ, torí DDR4-3200 lè máa sáré ní 2133 láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Ryzen kì í fẹ́ràn RAM tó lọ́ra rárá.

Ní ti OptiPlex, ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni Dell ṣe é, ọ́fíìsì náà ló sì ń ṣe. Pawa rẹ̀ kò ní wáyà tí káàdì ńlá ń lò, ẹnu wáyà tó wọ bọ́ọ̀dù rẹ̀ sì jẹ́ oní pin 8 dípò 24, nítorí náà ATX tí ẹ rà lọ́jà kò ní wọ̀ ọ́ láìsí adapter. Káàdì tó ń gba iná láti inú ihò PCIe nìkan, tí kò ju 75W lọ, ló bá a mu: GTX 1650 tàbí RTX 3050 6GB, tó jẹ́ 70W. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ èèyàn lójú nìyí: RTX 3050 8GB ń jẹ 130W, ó sì ń béèrè wáyà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ló wà lára páálí méjèèjì. GTX 1650 mìíràn náà ní ihò wáyà lórí, ẹ yí i wò kẹ́ ẹ tó sanwó. RX 6400 ò ju 53W lọ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà PCIe mẹ́rin péré ló ń lò. Lórí PCIe 3.0, bí mẹ́mórì 4GB rẹ̀ bá ti kún, híhá dé nìyẹn.

Ẹ fi i7-4790 àlòkù rọ́pò i5, bọ́ọ̀dù kò yí padà, kí ẹ gbá eruku rẹ̀, kí ẹ fi thermal paste (ọ̀dà tó ń gbé ooru CPU lọ sí fáànù) tuntun sí i. Ẹ dúró síbẹ̀. Fífi RTX 4060 sí ẹ̀rọ yìí, owó ṣòfò ni, pàápàá nígbà tí Windows 11 kò ti ka CPU Intel ìran kẹrin mọ́ àwọn tó ń gbà, tí Windows 10 sì ti parí ní 14 October 2025.

B450 ló yẹ kí ẹ náwó lé. RTX 4060 ń jẹ 115W, Nvidia ní kí pawa tó 550W. Ọ̀nà mẹ́jọ ló ń lò, ìpalára tí PCIe 3.0 ń ṣe fún un sì kéré, bí ẹ ò bá ti jẹ́ kí texture (àwòrán ara nǹkan inú géèmù) kún mẹ́mórì 8GB rẹ̀. Bí 60 fps bá tẹ́ yín lọ́rùn, Ryzen 5 3600 á gbé géèmù tó pọ̀ jù lọ. Bí ẹ bá ń lé 144 fps nínú géèmù bíi Counter-Strike 2, CPU náà ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀. L3 ni ibi tí CPU ń kó dátà tó ń lò sí nítòsí. Nínú 3600, a pín L3 32MB sí 16 méjì. Nínú 5600, gbogbo core ló ń dé 32MB náà. 5700X3D ní 96MB, ṣùgbọ́n kò bá fáànù wá, ẹ ní láti ra tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe BIOS sí tuntun nígbà tí 3600 ṣì wà nínú bọ́ọ̀dù, torí BIOS àtijọ́ kò mọ Ryzen ìran 5000, bíi 5600 àti 5700X3D. Orí UPS tàbí inverter ni kí ẹ ti ṣe é. Bí NEPA bá múná lọ láàárín, bọ́ọ̀dù lè kú pátápátá. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ tún XMP wò, ó sábà máa ń padà sí pípa.

Ẹni tó ní mọ́nítọ̀ 60Hz kò nílò CPU tuntun fún fps tí ojú rẹ̀ kò ní rí. Ẹni tó fẹ́ bọ́ sí 2560×1440 náà lè fi CPU sílẹ̀: píksẹ́lì á kúrò ní mílíọ̀nù 2.07 bọ́ sí 3.69, káàdì ni ẹrù náà á wọ̀ lọ́rùn, RTX 4070 oní 12GB ló sì yẹ fún un, bí pawa yín bá tó 650W.

Nígbà tí ẹ bá fi káàdì sí tán, ẹ ṣí ètò GPU-Z, ẹ jẹ́ kí káàdì máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wo Bus Interface. B450 pẹ̀lú RTX 4060 gbọ́dọ̀ kà x8 3.0 lẹ́yìn àmì @. Bó bá kà x4, ihò ìsàlẹ̀ lẹ fi í sí. Ẹ gbé e lọ sí èyí tó sún mọ́ CPU jù.